Tísà Kúnlẹ̀ Níwájú Ìsọ̀ Mi

Ìjẹ̀bú-Òde, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Tísà tó kọ́ mi níwèé ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tún wá síbi tí mo ti ń ta paraga láàárọ̀ yìí. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Àná ni mo pinnu pé n kò ní tà fún wọn mọ́.

Mo ní, "Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jẹun ná."

Wọ́n kúnlẹ̀. Bàbá arúgbó kúnlẹ̀ fún mi, lójú àwọn ọlọ́kadà! "Ṣàánú mi, ọmọ mi."

Kí ni ǹ bá ṣe? Mo bu ife kan fún wọn kí wọ́n lè dìde. Wọ́n mu ún, ọwọ́ wọn sì dẹ́kun gbígbọ̀n.

Bí mo bá kọ̀ lọ́la, wọ́n á rà á lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí mo bá sì tà á, èmi ni mò ń pa wọ́n.