Sátidé Mẹ́ta Tí Débọ̀ Fi Mú Mi Jáde

                                        Agbo Ilé Ògúnrìndé,
                                        Isundunrin,
                                        Ẹ̀jìgbò,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        Ọjọ́ kẹtàlélógún, Oṣù Kejìlá, 2024.

Ìyá Hamid, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ọjà ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ tó máa ń wú lásìkò ọyẹ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Hamid àti ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin ńkọ́? Gbogbo wa níbí ń jí, a sì ń jẹun, a dúpẹ́. Mo mọ̀ pé o ti ń bínú, nítorí o pè mí lórí fóònù títí, mi ò gbé e. Jọ̀ọ́, má bínú. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ẹkún ni màá sun, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹkún mi nínú ilé yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà, kí Lùkmọ́nù awakọ̀ bá mi mú un wá fún ọ ní Àbíjàn.

Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ fún mi pé Débọ̀ ọmọ mi ń di ẹrù. Òótọ́ lo sọ. Nígbà tí bọ́ọ̀sì wọn láti Àbíjàn gúnlẹ̀ sí Ẹ̀jìgbò níbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbáko ló kó ẹrù wọn wá sí Isundunrin: bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì, àga, ìkòkò, títí dé odó Ọmọpẹ́ ìyàwó rẹ̀. O mọ bó ṣe máa ń rí láàárín wa. Ẹni tó bá wá ṣọdún, báàgì ló ń fà. Ẹni tó bá gbé bẹ́ẹ̀dì àti odó bọ̀, ó dé pátápátá nìyẹn. Ta ló ń bi ẹni tó gbé odó wálé bóyá ó dé? Àwọn ará ilé ń fi Faransé kí i káàbọ̀, "bọnarifé", èmi náà ń jó bí ọmọge. Mo ti ń bá a wá ẹni tí yóò kọ ebè sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, ó ní kí n múra, pé a ń lọ ṣe fàájì ní Òṣogbo. Èmi tí mi ò kì í dé Òṣogbo àfi tí ara bá ń ni mí! Ó kó èmi, Ọmọpẹ́ àti Beauty ọmọ wọn lọ sí ilé ìtajà ńlá kan tí wọ́n ta iná wẹ́wẹ́ sí lára látòkè délẹ̀. Mo jẹ áísìkirímù, díẹ̀ ló kù kí eyín mi tó ṣẹ́ kù re ọ̀run. Mo gbádùn ara mi, mi ò ní purọ́.

Sátidé kejì, a lọ wo Bàbá Kérésì. Ẹ̀rù ba Beauty, ni èmi bá lọ jókòó tì í. Ọkùnrin onírùngbọ̀n òwú yẹn bi èmi náà léèrè ẹ̀bùn tí mo fẹ́. Mo ní èyí tí mo fẹ́ ti wà nílé mi. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín àfi Débọ̀. Mo rò pé ebi ló ń pa á.

Sátidé tó kọjá yìí ló wá gbé wa lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan tí àwọn ọmọdé ti ń lúwẹ̀ẹ́. A jẹ ìrẹsì, a jẹ ẹja. Ó pe ayafọ́tò, ó ní kó ya èmi àtòun, kó tún un yà, kó tún un yà. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ṣé kò ní sí fọ́tò lọ́dún tó ń bọ̀ ni. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Màámi, ẹ dákun, ẹ má bínú. Kánádà là ń lọ, lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ bá wa tọ́jú àwọn ẹrù yẹn. Èyí tó bá wù yín níbẹ̀, ẹ máa lò ó."

Mo bi í pé iṣẹ́ wo ló wà níbẹ̀ fún wọn. Ọmọpẹ́ ló dáhùn, kò lè gbójú sókè. Ó ní òun ti ríṣẹ́ nílé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó.

Ìyá Hamid, mo gbé ife omi tó wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀. Ìyàwó ọmọ mi ń lọ wẹ ìyá ẹlòmíràn. Bí Débọ̀ bá wà ní Àbíjàn, ọdọọdún ni mo ń rí i. Ọmọ Adéwọ̀yìn aládùúgbò wa lọ sí Kánádà yẹn kan náà. Inú fóònù ló ti wo bí a ṣe sin bàbá rẹ̀. Wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Èmi mọ̀ báyìí pé Débọ̀ kọ́ ni yóò bu yẹ̀pẹ̀ sí mi lórí. Ọmọ náà kò sì burú, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Mi ò rẹ́ni bínú sí.

Bá mi kí Hamid àti ìyàwó rẹ̀. Kí Ràfíátù tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, sọ fún un pé mo ń rántí rẹ̀.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Mo kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá kí n lè gbàdúrà ìrìnàjò fún wọn. Ẹnu mi kọ̀. Ohun tó ń sọ sí mi lọ́kàn ni pé kí ìwé wọn bàjẹ́, kí bàlúù má gbéra. Ṣé ìyá ló ń gba irú àdúrà yẹn? Bó o bá kírun, jọ̀ọ́, bá mi bẹ Ọlọ́run kí ọmọ mi gúnlẹ̀ láyọ̀. Ìwọ ni kó o gbà á fún un. Èmi ò lè gbà á.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà ọjà Àbíjàn,
Joanna, Ìyá Débọ̀.