Fíìmù Tí Helka Fi Ilé Ooru Wa Ṣe

                                        Ilé Rantala,
                                        Abúlé Haukila,
                                        Finland.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, 2023.

Lempi, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Gbé kọfí ẹ sílẹ̀ kó o fetí sí mi, torí inú ń bí mi. Ṣé dáadáa lo wà ní Sweden tó o wà yẹn? Orúnkún ẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ọkọ ẹ ti lọ? Àwa náà wà. Òtútù ti ń bọ̀, a ti kó ọ̀dùnkún wọlé.

O mọ̀ pé tí wọ́n bá ti ń fi fíìmù hàn ní gbọ̀ngàn abúlé, mo ti débẹ̀. Fíìmù burúkú kì í bí mi nínú. Èyí tá a wò kẹ́yìn, béárì kan jáde látinú igbó, a rí ojú ìránṣọ lẹ́yìn ẹ̀, béárì tún wọ bàtà. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ẹni tó ṣe yẹn kàn ṣubú fúnra ẹ̀ ni, kò ti ẹnikẹ́ni lulẹ̀.

Helka ọmọ ọmọ mi ló ti èmi lulẹ̀. Òun náà gbé fíìmù kékeré tiẹ̀ wá, irú àwàdà tí wọ́n ń fi ikú ṣe yẹn. Mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo jókòó síwájú. Nínú fíìmù náà, ìyá arúgbó kan wọ́ òkú ọkọ ẹ̀ wọ ilé ooru, irú èyí tá a ti ń fi oru wẹ̀ ní gbogbo Sátidé, lọ wẹ̀ ẹ́. Ó dáná, ó da omi sórí òkúta gbígbóná, oru bo gbogbo ibẹ̀, ló bá ń fi ìdì ewé tá a fi ń na ara wa tá a bá ń wẹ̀ na òkú lẹ́yìn: "Sún lọ jàre, gbogbo àyè lo gbà tán." Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ wó gbọ̀ngàn. Raili tá a jọ ń kọrin yíjú sí mi: "Martta, ṣé bó o ṣe na Eino ọkọ tìẹ náà nìyẹn?"

Lempi, ta ló ń dáná sí ilé ooru tí òkú wà nínú ẹ̀? Tútù ló máa ń wà. Bí ìyá mi ṣe wẹ bàbá mi ni mo ṣe wẹ Eino níbẹ̀. Òótọ́ ni mo ní kó sún díẹ̀. Ó wúwo, mi ò lè dá yí i. Jẹ́ẹ́jẹ́ ni mo sọ ọ́, Helka nìkan ni mo sì fọ̀rọ̀ náà hàn.

Helka pè mí pé òun ń gbé fíìmù náà lọ sí ìlú Tampere, pé kí n wá jókòó síwájú lọ́hùn-ún náà.

Mo ní, "Kí wọ́n tún fi mí rẹ́rìn-ín?"

"Màmá àgbà, àwàdà mà ni."

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo ní tí kò bá gé ibẹ̀ yẹn kúrò, kó má wọ ilé ooru mi mọ́. Láti ìgbà yẹn, mi ò dáná síbẹ̀.

Dúró ná, mọ́tò kan wọ àgbàlá. Helka ni. Ó ń bi mí látẹnu ọ̀nà ìdí tí èéfín ò fi jáde lónìí Sátidé.

Mo ní, "Bọ́ bàtà ẹ. Tútù la máa wọ ilé ooru lónìí. Èmi ni màá dùbúlẹ̀ sórí pákó bí òkú, ìwọ lo máa wẹ̀ mí. Yí mi, ká wá gbọ́ ohun tí wàá sọ."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń bọ́ bàtà.

Bá mi kí ọkọ ẹ. Mo ń lọ pọn omi.

Ọ̀rẹ́ ẹ láti kékeré,
Martta