Ohun Tí A Wá Sọ Létí Adágún

Ọjọ́bọ̀, 6 October 2016. Redstone, Calgary

Snow ti bẹ̀rẹ̀. Ní October! Àǹtí Ràṣídátù dé láti àdúgbò Savanna pẹ̀lú ọmọ àti báàgì wọn. Àwọn ló máa dúró ti àwọn ọmọ wa títí a ó fi ti China dé. Wọ́n gbé ẹrù kan fún mi pé kí n bá wọn fún ọkọ wọn: gaàrí, ata gígún, ẹ̀gúsí, ẹja gbígbẹ tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù wé léraléra. Wọ́n ní, "Oyèníkẹ́, bá mi wò wọ́n dáadáa, bóyá wọ́n ń jẹun. Lórí fóònù, 'fine, fine' ni ṣáá."

Mi ò lè wo ojú wọn.

Ìwé yìí nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Ẹ̀gbọ́n Akínbọ̀dé, ọkọ Àǹtí, ló gbà wá nígbà tí a dé Calgary. Ìsàlẹ̀ ilé wọn, ní basement, la gbé fún ọdún kan gbáko. Àwọn náà ló mú Dákẹ́jẹ́ẹ́ (Dúrótìmí ọkọ mi nìyẹn, Dúró ni Ẹ̀gbọ́n ń pè é; kò mọ̀ pé mo fún òun lórúkọ) wọ iléeṣẹ́ epo tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fi Dákẹ́jẹ́ẹ́ ṣe team lead lé wọn lórí, wọ́n se oúnjẹ, wọ́n yọ̀ fún un. Owó epo wá já wálẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọ̀gá ní kí team lead kọ̀ọ̀kan dárúkọ ẹnì kan tí wọ́n máa lé lẹ́nu iṣẹ́. Dákẹ́jẹ́ẹ́ dárúkọ Ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n ò mọ̀. Àǹtí ò mọ̀. Wọn ò rí owó ilé san mọ́, ilé wọn lọ. Iṣẹ́ olùkọ́ ni Ẹ̀gbọ́n rí ní yunifásítì kan ní Hangzhou, ní China lọ́hùn-ún, wọ́n fi ìyàwó àtọmọ sílẹ̀ ní apartment kékeré.

July ọdún yìí ni wọ́n lé Dákẹ́jẹ́ẹ́ náà. Ní August ló tó jẹ́wọ́ fún mi, nínú mọ́tò, ní Sunridge, nígbà tó wá gbé mi níbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi. Ó sunkún. Mo ní a kì í bẹ irú ẹ̀ lórí fóònù, a máa lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà, o máa dọ̀bálẹ̀, àyà ẹ á kan ilẹ̀. Ó gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú mi dùn pé kò jà.

Ọjọ́ Ajé, 10 October

Thanksgiving ti Canada lónìí. Inú bàálù. Dákẹ́jẹ́ẹ́ ń hanrun. Èmi ò rí oorun sùn.

Ọjọ́rú, 12 October. Hangzhou

Ẹ̀gbọ́n wá pàdé wa ní airport. Yéè, wọ́n ti rù! Irun wọn ti funfun. Mo kúnlẹ̀, Dákẹ́jẹ́ẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn èèyàn yọ fóònù, wọ́n ń ya fótò. Mo dijú. Mo rò pé ibẹ̀ ló ti máa sọ ọ́. Ó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, Ẹ̀gbọ́n dì mọ́ ọn — "Àbúrò mi!"

Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n ń gbé. Wọ́n fún wa ní bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n ń sùn lórí àga. Wọ́n gbóòórùn ata Àǹtí kí wọ́n tó tú náílọ́ọ̀nù ẹ̀, omi dé ojú wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 October

Ẹ̀gbọ́n mú wa wá wo adágún ìlú yìí. Ó tóbi, ó parọ́rọ́, òkè wà lẹ́yìn ẹ̀, ìkùukùu bo òkè. Igi kan ń tanná wínníwínní káàkiri, òórùn ẹ̀ gba gbogbo ìlú kan. Ẹ̀gbọ́n ń sọ ìtàn bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀: ọ̀nà gígùn tí à ń rìn láàárín omi yìí, akéwì kan tó ṣe gómìnà láyé àtijọ́ ló ní kí wọ́n kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún, kí wọ́n fi ṣe é. "Gómìnà tó ń kọ ewì, Dúró! Tiwa ńkọ́?" A rẹ́rìn-ín. Àwọn bàbá arúgbó kan ń fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá àti omi lásán kọ ewì sórí ilẹ̀, kí wọ́n tó kọ ọ́ tán, oòrùn ti gbẹ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ó wù mí kí n dúró síbẹ̀ títí.

Mo tẹ Dákẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ ká gbádùn tòní ná."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 October

Kò sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 16 October

Ojú tì mí lónìí. Ẹ̀gbọ́n mú wa lọ síbi ibojì ọ̀gágun kan, létí adágún náà. Dákẹ́jẹ́ẹ́ ń ra omi níta, mo ṣáájú wọlé. Mo rí ère irin mẹ́rin lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n dorí kodò, wọ́n kọjú sí ibojì. Mo ní háà, àwọn èèyàn yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ o, bàbá ni wọ́n ń kí! Èmi ọmọ Yorùbá, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn — "Ẹ kú ìsinmi, sà."

Ariwo sọ! Ìyá arúgbó kan fà mí dìde, ó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà, ó ń gbọn eruku orúnkún mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. "Oyèníkẹ́! Ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n!" Mi ò wo ẹ̀yìn wọn tẹ́lẹ̀, ṣé ẹ rí i, wọ́n de ọwọ́ wọn sẹ́yìn. Àwọn ló parọ́ mọ́ ọ̀gágun yẹn tí wọ́n fi pa á, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún. Àwọn èèyàn máa ń tutọ́ sí wọn lára. Méjì nínú wọn, tọkọtaya ni.

Mo bi Ẹ̀gbọ́n pé kí ni ìyàwó ṣe. Wọ́n ní ìtàn sọ pé ó mọ̀ sí i.

Dákẹ́jẹ́ẹ́ gbé omi dé. Ẹ̀gbọ́n tún ìtàn náà sọ fún un látìbẹ̀rẹ̀, tayọ̀tayọ̀. Ó ní, "Interesting." Ó ya fótò. Omi tó rà fún mi, mo gbé e fún ìyá arúgbó yẹn.

Ọjọ́ Ajé, 17 October

Èmi àti Ẹ̀gbọ́n ń se ẹ̀gúsí. Wọ́n ní, "Ọ̀gá wa máa rí Dúró ní Wednesday. Mo ti sọ fún un pé àbúrò mi ni, èmi ni mo dúró fún un." Mo ní, Dúró wo? Fún kí ni? Ó yà wọ́n lẹ́nu. "Kò sọ fún ẹ ni? Láti July ló ti ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun wáṣẹ́ níbí."

Láti July. Kó tó sọ ohunkóhun fún mi. Abájọ tó fi tètè gbà! Iṣẹ́ ló bá wá. Èmi nìkan ni mo bá ẹ̀bẹ̀ wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 October

A jà lábẹ́ igi níwájú ilé. Ó ní tóun bá ti sáìnì contract, òun á sọ ọ́. Mo ní o fẹ́ jẹ oúnjẹ wọn yó kí o tó sọ ohun tí o fi wọ́n ṣe, àbí? Ó ní, "Ilé Redstone ńkọ́? Shift mélòó lo máa ṣe kí o tó ṣubú? Ṣé o fẹ́ káwa náà pàdánù ilé bíi tiwọn?" Kì í ṣe ìkà o, mo mọ ọkọ mi. Ẹ̀rù ló ń bà á, irú èyí tó bà á lọ́dún tó kọjá náà ni.

Tí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ lọ, ilé lọ. Tí mo bá dákẹ́, èmi ni ìyàwó tó mọ̀ sí i.

Ọjọ́rú, 19 October

Dákẹ́jẹ́ẹ́ lọ sí interview. Ẹ̀gbọ́n mú mi wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré kan. Ẹni tó ń wà á ò gbọ́ èdè wa. Mo sọ ọ́. Gbogbo ẹ̀. Mi ò gbè sẹ́yìn ọkọ mi, mi ò sì bà á jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ń wo omi. Wọ́n bi mí bóyá Ràṣídátù mọ̀. Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Lọ́jọ́ tí wọ́n lé mi, Dúró ló bá mi gbé páálí ẹrù mi dé ìdí mọ́tò. Ó sunkún jù mí lọ." Wọ́n ki ọwọ́ bọ omi. "Ọ̀sẹ̀ yìí dùn mọ́ mi, Oyèníkẹ́. Ó ti pẹ́ tí ilé mi ti rí èèyàn."

Ẹkún gbà mí. Mo ní ẹ pe ọ̀gá yín, ẹ ní ẹ ò dúró fún un mọ́. Wọ́n ní ó tì. "Mi ò ní gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ yín. Ṣùgbọ́n má sọ fún un pé mo ti mọ̀. Jẹ́ kó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Mo máa dúró dè é."

Ọjọ́bọ̀, 20 October

Yunifásítì gbà á síṣẹ́.

Ó dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀ láti dúpẹ́, àyà ẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò ní kó dìde. Wọ́n ní, "Dúró, ṣé kò sí nǹkan mìíràn tí o fẹ́ bá mi sọ?" Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n bi í, báwa nọ́ọ̀sì ṣe ń bi aláìsàn níbi tó ń dùn ún. Mo ń gbàdúrà sínú. Sọ ọ́. Dúró, jọ̀ọ́, sọ ọ́.

Ó ní, "Ẹ ṣé ni, ẹ̀gbọ́n. Kò sí nǹkan mìíràn."

Wọ́n ní kó dìde. Wọ́n bu oúnjẹ fún un, wọ́n fi ẹran tiwọn kún un.

Ọjọ́ Àìkú, 23 October. Calgary

Àǹtí ń jó nídìí sítóòfù mi! Ẹ̀gbọ́n pè wọ́n láàárọ̀: wọ́n ń bọ̀ wálé ní December, wọn ò ní padà mọ́. Wọ́n ní kí yunifásítì fi Dúró sípò wọn. Àǹtí dì mọ́ mi. "O bá mi mú ọkọ mi wálé, Oyèníkẹ́! Olúwa á ṣe tìẹ náà!" Iṣẹ́ kankan ò dúró de Ẹ̀gbọ́n nílùú yìí. Àǹtí náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Dákẹ́jẹ́ẹ́ fà mí lọ sí basement tiwa. Ó ní, kí ló dé tí wọ́n fi ń fiṣẹ́ sílẹ̀? Mo ní wọ́n ti mọ̀. Èmi ni mo sọ fún wọn. Nígbà tí o wà nílẹ̀ tí wọ́n ń bi ẹ́, wọ́n ti mọ̀, ìwọ ni wọ́n ń dúró dè. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó yọ fóònù.

Látọ̀sán ló ti ń pe Ẹ̀gbọ́n. Ó ń dún, wọn ò gbé e. Ó tún pè. Mo gbọ́ ọ tó ń bá fóònù tó ń dún sọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ." Àǹtí ń pariwo látòkè: "Dúró, jẹ́ kí wọ́n sùn jàre, ilẹ̀ ò tíì mọ́ níbẹ̀ yẹn!"