Àmì Tí Mo Pa Rẹ́ Lára Ẹran Bàámi

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ìtọ́jú Bàámi, ẹ kú ara lílò. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Benin níhìn-ín, mo kí Bàámi pẹ̀lú, bí wọn ò tilẹ̀ mọ ẹni tó ń kí wọn mọ́. Mo kí Bùọ̀dá Délé tí wọ́n bá mi gbé ìwé tí mo ya àwòrán sí délé.

Òjò ò jẹ́ ká rímú mí ní Ugbor. Aṣọ ò gbẹ, bébà tí mo fi ń yàwòrán gan-an ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ọkọ mi wà ní báńkì, Ìbùkún wà níléèwé, èmi nìkan ló kù sílé pẹ̀lú ọ̀dà àti burọ́ọ̀ṣì. Àfi tí mo bá dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday kí ẹnìkan tó fi Yorùbá bi mí pé ṣé dáadáa ni mo jí. Àjò kì í dùn kónílé má relé, ṣùgbọ́n wíwá tí mo wá sílé kẹ́yìn ló ń dùn mí jù.

Ẹ rántí pé Bàámi kí mi bí àlejò lọ́jọ́ náà. Wọ́n bi mí pé ibo ni mo ti wá, wọ́n ní kí ẹ bu omi fún mi. Mo mu omi náà, mo sì dúpẹ́ bí àlejò ṣe ń dúpẹ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ tí Bàámi ń béèrè bóyá àgbò àwọn ti wọlé, bẹ́ẹ̀ ẹ ti ta gbogbo ẹran yẹn tipẹ́. N ò ní parọ́ fún yín, mo jowú àgbò.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gba iṣẹ́ nígbà tí obìnrin kan tó ń tẹ ìwé ọmọdé ní Iyaro ní kí n ya àwòrán ẹran ọ̀sìn fún òun. Mo ní bí Bàámi ò bá rántí mi, wọ́n á rí ẹran wọn nínú ìwé, wọ́n á béèrè ẹni tó yà á. Nítorí màlúù, mo lọ jókòó ní ọjà màlúù ní Aduwawa, àwọn tó ń tà á ń fi mí ṣẹ̀sín pé mò ń fi ojú ra màlúù. Ṣùgbọ́n ní ti àgbò, àgùntàn àti ewúrẹ́, tilé wa ni mo yà, títí kan ewúrẹ́ dúdú tó máa ń jẹ èlùbọ́ tí ẹ bá sá sórí àpáta. Mo sì gé etí òsì gbogbo wọn nínú àwòrán, gígé kékeré bí Bàámi ṣe máa ń gé e, kí wọ́n lè dá tiwọn mọ̀ bí ẹran àdúgbò bá dà pọ̀. Èmi náà ni mo kúkú máa ń di orí ẹran mú fún wọn nígbà yẹn.

Ìbùkún wò ó, ó bi mí pé, “Mummy, wetin bite am for ear?” Mo fi Yorùbá ṣàlàyé, ó yé e, ó fi Pidgin dá mi lóhùn pé bàbá àgbà ò láàánú.

Òǹtẹ̀wé náà ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní ẹ̀rù á ba àwọn ọmọdé, pé àwọn òbí á sọ pé ẹran tó fara gbọgbẹ́ ni, kí n jẹ́ kí etí wọn pé. Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún un. N ò ṣàlàyé. Mò ń bẹ̀rù kó má lọ gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, mo ní kí ni etí ẹran já mọ́. Mo fi ọ̀dà dí etí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tẹ ìwé náà bẹ́ẹ̀.

Bùọ̀dá ti pè mí, ẹ má bínú sí wọn. Wọ́n ní ẹ ò fẹ́ kí n gbọ́. Wọ́n ní Bàámi gba ìwé náà tayọ̀tayọ̀, wọ́n fi ìka wá etí àgbò kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀, bí ìṣe wọn. Wọ́n ṣí i dé ibi ewúrẹ́, wọ́n ṣí i dé ibi àgùntàn. Wọ́n wá pa ìwé dé, wọ́n ní ẹran ẹlẹ́ran ni, kí ẹ tètè lọ dá a padà kí olóhun má baà máa wá a kiri.

Ìyá mi, mo sunkún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, mo sì rí i pé Bàámi ò ṣìṣe. Èmi ni mo pa àmì wọn rẹ́. Nínú gbogbo ohun tó ti bọ́ lórí wọn, ìyẹn nìkan ni kò bọ́, èmi ni mo wá fọwọ́ ara mi bò ó.

Mo ti mú ìwé kan nínú èyí tí wọ́n fún mi. N ò fi ọ̀dà yà á mọ́, réésà ni mo fi gé bébà náà gan-an níbi etí òsì àwọn ẹran náà, kí ìka Bàámi lè bá a níbẹ̀. Ìbùkún bá mi di ìwé mú. Bí mo ṣe ń gé ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń kí i pé pẹ̀lẹ́, ní Yorùbá.

Awakọ̀ kan yóò gbé e wá fún yín lọ́la. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, á fún yín lókun, ẹ ò ní sọ̀rètí nù. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ bá mi kí àwọn aládùúgbò tó ń bá yín wá Bàámi nígbà tí wọ́n bá rìn jìnnà. Ẹ fún Bàámi ní ìwé náà láàárọ̀, nígbà tí ojú wọn bá dá. Ẹ má sọ pé èmi ni mo yà á. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan etí àgbò, tí wọ́n ní tàwọn ni, ẹ rọra bi wọ́n léèrè pé ta ló máa ń bá wọn di orí rẹ̀ mú.

Èmi ni ọmọ yín,
Rónkẹ́