Ọkọ̀ Ẹlẹ́ni-Méjì Tí O Ní Ká Fi Lọ Tọrọ Hanane

Agoua, nílẹ̀ Bantè.

Samsoudine ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ, Razack àbúrò mi kí ọ, gbogbo ilé ní kí n kí ọ, àfi àwọn tí wọ́n ní kí n má kí ọ, mo sì máa ṣàlàyé tiwọn nísàlẹ̀. Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá ọ ní ìjókòó, kí ó sì bá ọ lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi inú òfo gbọ́. Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí rẹ sí, yóò sì fún ọ ní ọgbọ́n tó ṣẹ́ kù.

Ara wa le. Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí, igi kajú ti ń tanná, ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti la. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èyí lo fẹ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ Hanane lo fẹ́ gbọ́, ojú rẹ ti ń sáré wá ibi tí mo kọ ọ́ sí bóyá wọ́n gbà tàbí wọn ò gbà. Má wá a. Bí mo ṣe jẹ ìyà náà ní tẹ̀léǹtẹ̀lé ni màá ṣe tò ó, ìwọ náà á sì kà á bẹ́ẹ̀ títí o fi máa dé ibẹ̀. Inú ń bí mi.

Ìdí tí mo fi kọ ìwé dípò kí n sọ̀rọ̀ sínú fóònù ni pé mo ti sọ̀rọ̀ sínú fóònù. Mo sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi, mo ní ọkọ̀ tí o gbé wá yìí ò dára, àwòrán àtàǹpàkò kan ṣoṣo lo fi dá mi lóhùn. Samsoudine, bàbá mi tẹ àtàǹpàkò sábẹ́ ìwé ìjọba ní mẹ́rì títí ó fi kú. Èmi ni mo kọ́kọ́ di bíírò mú nínú ìdílé wa. Mo ta oko kajú kan kí ìwọ lè dé yunifásítì, ìgbà tí o wá dé ibẹ̀ tán, orí àtàǹpàkò lo padà sí. Mo fi han Razack, ó ní bóyá yíǹkì ló tán nínú bíírò rẹ. Mo fi bíírò kan sínú àpò ìwé yìí.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù já ọkọ̀ rẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. O ti sọ fún mi pé ọkọ̀ eré ìje àtijọ́ ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó ọlọ́lá ń gùn kí wọ́n tó bí mi. Mo bi ọ́ pé ṣé ó ti gbó tó bẹ́ẹ̀, o ní rárá, tuntun ni, wọ́n kàn ṣe é kó jọ ti àtijọ́ ni. Mo ní ṣé òun náà gan-an ni, o ní rárá o, àdàkọ rẹ̀ ni, pé ẹni tó bá ní ojúlówó rẹ̀ lè fi owó rẹ̀ ra Agoua. Mo sùn lé ọ̀rọ̀ yìí lórí, mo jí, kò yé mi. Àwa níbí, ẹni tó bá ní ọkọ̀ tó ti gbó, ṣe ló ń kùn ún kó lè jọ tuntun. Ìwọ kó owó sílẹ̀, o ra tuntun tí wọ́n ti mọ̀-ọ́n-mọ̀ sọ di arúgbó kó tó dé ọwọ́ rẹ. O ní Alhaji Djaffar, bàbá Hanane, fẹ́ràn ọkọ̀, pé tí mo bá gùn ún dé Savalou láti tọrọ ọmọ rẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé a kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Mo gbọ́ tìrẹ.

Nabil tó ń tún alùpùpù ṣe ní Bantè, tí o ní kó máa wà á, wá yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó gbéra. Ó ṣí iwájú rẹ̀, ó bojú wò ó, ó sì pa á dé jẹ́jẹ́ bí ẹni rí òkú. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní Bàbá, wọ́n ti jí ẹ̀rọ inú ọkọ̀ yìí lọ. Èmi náà yọjú, taya kan àti àkísà ni mo bá níbẹ̀. Mo pariwo. Mo pe gbogbo àdúgbò jọ, Imáàmù gbé Kùránì jáde, gbogbo ọkùnrin tó ń gbé nítòsí, títí kan Razack tí a jọ mu ọmú kan náà, ṣe àlùwàlá, wọ́n sì búra lọ́kọ̀ọ̀kan pé àwọn ò mọ ohunkóhun nípa ẹ̀rọ ọkọ̀ Samsoudine. Wọ́n búra tán ni ìyá rẹ tó ń gbá àgbàlá wá bi mí pé kí ni irin dúdú tó wà nídìí ọkọ̀ yìí tó ń kán òróró sí ibi tí òun ń gbá. Ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ wà. Ta ló ń gbé ẹ̀rọ sí ibi tó yẹ ká di iṣu sí, tó sì ń di iṣu sí ibi ẹ̀rọ? Mo ra obì, mo fi bẹ gbogbo wọn nílé-nílé. Àwọn tó ní kí n má kí ọ nìyẹn. Imáàmù ṣì ń dáhùn sàláámù mi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò tó bá ń dáhùn.

Nabil ní kí òun bu omi sí i. Kò sí ibi tí à ń bu omi sí. Ọkọ̀ rẹ kì í mu omi, oṣù ààwẹ̀ ni fún un ní gbogbo ọdún. Nabil ní afẹ́fẹ́ ló fi ń tutù, pé tó bá ń sáré ara rẹ̀ á balẹ̀, tó bá rọra ń lọ ara rẹ̀ á gbóná. Èmi ò mọ ohun mìíràn tí Ọlọ́run dá tí sùúrù ń pa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ewúrẹ́ ìyá rẹ rí ewúrẹ́ mìíràn nínú dídán ara ọkọ̀ náà, ó sì kàn án. Kì í ṣe pé ó tẹ̀ o. Ó fọ́, bí igbá. Irin kọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Nabil gbé iná tó fi ń jó irin pọ̀ sún mọ́ ọn, ó rí i pé ó fẹ́ yọ́, ó sá. Mo wá rò ó pé ohun tó bá fọ́ bí igbá, bí igbá là á tún un ṣe. Mo ránṣẹ́ pe Ìyá Fatoumata tó ń gán igbá tó fọ́. Ó fi irin gbígbóná dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó fi okùn rán an pọ̀ wẹ́kú, ó tún ya ẹ̀ka ewé sí i lára láìgba owó kún un. Nínú gbogbo ọkọ̀ yẹn, òun nìkan ni iṣẹ́ tí kì í ṣe àdàkọ.

Ọjọ́ ìtọrọ wá pé. O mọ̀ pé bàbá ọkọ kì í dá lọ tọrọ ìyàwó, olè ló ń dá lọ sílé onílé. Ṣùgbọ́n èèyàn méjì ni ọkọ̀ rẹ ń gbà, awakọ̀ sì ti gba àyè kan. Ìyá rẹ ní ta ni yóò gba ìkejì. Mo ní èmi tí mo jẹ́ bàbá ọkọ ni. Ó ní òun tó bí ọkọ ńkọ́. Títí di òní ìjà yẹn ò tí ì parí. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, òun àti Razack àti àwọn ìyàwó ilé gun zémì, wọ́n di obì àti iyọ̀ àti iṣu mọ́ ẹ̀yìn àwọn alùpùpù náà, a sì ṣe àdéhùn pé gbogbo wa la jọ máa wọ Savalou.

Láti Agoua dé ojú ọ̀dà, ikùn ọkọ̀ rẹ ń wọ́ nílẹ̀ bíi ti ọ̀nì. Kò ní òrùlé. Eruku gbogbo zémì tó wà níwájú wa, èmi ni mo gbé e mì. Àwọn ọmọdé kúnlẹ̀ kí mi lẹ́bàá ọ̀nà, orí wọn ga ju tèmi lọ. Ọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ fún mi ní Bantè, ó gbójú sókè, èmi àti òun wá ń wo ara wa lójú bí ẹgbẹ́. Èmi, ní ọjọ́ ogbó mi.

Nígbà tí a bọ́ sójú ọ̀dà, Nabil ní ẹ̀rọ ti ń gbóná, pé òun ò lè máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ tẹ̀lé zémì, kí n jẹ́ kó mí díẹ̀. Mo ní kó mí. Samsoudine, ó mí. Ohun tí mo fẹ́ kọ báyìí, má sọ ọ́ fún ìyá rẹ. Ohùn ọkọ̀ náà yí padà, ó wá ń kùn bí ẹni tó yó. Afẹ́fẹ́ wọ inú agbádá mi, ó gbé e sókè lẹ́yìn mi, àwọn igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ń sá fún wa, mo sì gbọ́ tí ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín. Mo wo Nabil, ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé. Inú bí mi gan-an.

Báyìí la ṣe já àwọn èèyàn wa sílẹ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà Alhaji Djaffar ní èmi nìkan, kò sí obì, kò sí àgbà kankan lẹ́yìn mi, ojú mi sì funfun bí ẹni jáde nínú àpò èlùbọ́. Mo fẹ́ dìde, mi ò lè dìde, orúnkún mi ga ju àyà mi lọ. Ìyá àgbà Hanane jáde wá, ó jù mí lọ, ó yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n ibi tí mo wà ti rẹlẹ̀ ju ibi tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ń dé lọ. Ó rọra bi Nabil pé láti ìgbà wo lẹsẹ̀ ti ń dun bàbá. Nabil àti ẹnìkan tó wá ra epo ló hú mi jáde bí iṣu.

Alhaji jáde. O mọ̀ ọ́n, ọmọ Nàìjíríà ni, epo ló ń tà, oríṣiríṣi ọkọ̀ ti kọjá níwájú rẹ̀. Ó yí ọkọ̀ náà ká, ó ní ọkọ̀ àtijọ́ rèé. N kì í purọ́ nílé àna, mo ní rárá, tuntun ni, wọ́n ṣe é kó jọ àtijọ́ ni. Ó ní ṣebí ti àwọn Jámánì yẹn ni. Mo ní rárá, àdàkọ rẹ̀ ni, ọmọ mi ló sọ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀. Ó wá ní ní mẹ́rì, wọn kì í lu òǹtẹ̀ mọ́ àdàkọ àfi tí ojúlówó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé ojúlówó dà. Mo ní kò sí lọ́wọ́ wa. Ó ní ìwé ẹ̀rí ọmọ yín ńkọ́, ṣé òun náà ni àbí ó jọ ọ́? Iṣẹ́ tó ní òun ń ṣe ní Kútọnu ńkọ́? Ó ní àbí Samsoudine kan wà níbòmíràn tó jẹ́ ojúlówó, tí ẹ wá fi èyí tó jọ ọ́ tọrọ ọmọ òun. Mo gbọ́ tí Hanane bú sẹ́kún nínú yàrá.

Ó ní kí òun tó ní ká máa lọ, òun fẹ́ mọ bí irọ́ náà ṣe ń rìn. Ó wọ ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Nabil, wọ́n lọ, wọ́n pẹ́. Nígbà tí wọ́n padà dé, fìlà ò sí lórí Alhaji mọ́. Ó ní òun rí ibi tó já bọ́ sí, òun ò kàn dúró ni. Omi ń dà lójú rẹ̀. Ó ní kí ló dé tí obìnrin ò ní fẹ́ ẹni tó wù ú. Razack àti ìyá rẹ sì dé lásìkò yẹn, wọ́n gbé obì kalẹ̀, Alhaji gbà á, wọ́n ṣàdúà, ìyá rẹ ti gbé orin sẹ́nu.

Ìgbà náà ni Alhaji ní òun ò ní gba owó orí, òun ò ní gba àpótí aṣọ. Ó ní ká fi ọkọ̀ sílẹ̀, ká wá mú ọmọ lọ tí oṣù bá tán.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Razack ní ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ tí ẹ ti ń bú látọjọ́ tó ti dé, ẹ fún wọn ká sinmi. Ìyá rẹ náà ń mi orí.

Mo ní rárá.

Má tí ì bínú. Àbùkù ni kí èèyàn fi ohun àdàkọ ṣe ẹ̀bùn fún àna. Wọ́n sì ti rán an lẹ́gbẹ̀ẹ́, ta ló ń gbé igbá tí wọ́n gán fún àna rẹ̀? Alhaji tún ń ta epo, ọkọ̀ tí ara rẹ̀ ń gbóná báyẹn ò yẹ nítòsí epo, ẹ̀mí àwọn èèyàn ni mò ń rò. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn. Hanane ti dákẹ́ ẹkún, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Alhaji ní òun ò gbà, òun ò sì kọ̀, kí ọmọ tó ni ọkọ̀ wá fúnra rẹ̀. Nígbà tí a ń bọ̀, mo ní kí ìyá rẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Nabil, kí èmi gun zémì. Ó ní rárá o, a jáde lọ tọrọ ìyàwó fún ọmọ, ìyàwó tèmi ni mo gbà bọ̀.

Nítorí náà, wá kíákíá, ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ tutù. Mú ọkọ̀ gidi wá fún Alhaji, tuntun tó jọ tuntun, tó lórùlé, tí gbogbo ilé rẹ̀ lè wọ̀. Tó bá ní irú èyí lòun ń fẹ́, ní kí wọ́n ṣe òmíràn. Ẹni tó ṣe àdàkọ kan lè ṣe méjì. Fi owó epo ránṣẹ́ sí mi, kó pọ̀ díẹ̀, torí Nabil ní ọkọ̀ yìí á bàjẹ́ tó bá ń dúró sójú kan, mo sì ti fara jìn, mo ń bínú gùn ún dé Bantè lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun alásárì. Fi fìlà tó ní okùn lábẹ́ àgbọ̀n kún un, àti awò ojú tí eruku kì í wọ̀.

Ọlọ́run yóò rọ ọkàn Alhaji. Ọlọ́run yóò nu omijé Hanane nù, yóò mú un dé ilé rẹ ní àlàáfíà, ẹ ó bí ọmọ tó jọ yín. Ohun tí ọmọ bá sì gbé fún bàbá rẹ̀ pa mọ́, kí Ọlọ́run má fi sí i lọ́kàn láti wá gbà á padà. Àmín.

Èmi bàbá rẹ tí inú ń bí,
Jimoh.