Ẹsẹ̀ Mi àti Aṣọ Funfun

Títì Addo,
Ajah, Èkó.

Tiwátọ́pẹ́ ọmọ mi,

Ṣé ara ọkọ rẹ le ní Ìbàdàn níbẹ̀? Ṣé ọmọ ń jẹun dáadáa? Bí ẹ bá wà ní àlàáfíà, ọkàn mi balẹ̀. Ní tèmi, mo wà, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, wàá sunkún, èmi náà á sunkún, a ò sì ní sọ ọ̀rọ̀ náà tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìwé.

Àtọ̀gbẹ yìí kò jẹ́ kí ohun kékeré wà láyé mọ́. Nígbà kan, bí abẹ́rẹ́ bá gún mi níbi tí mo ti ń ránṣọ, màá fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu, ó parí. Ní báyìí, ìka náà á wú, á ṣọyún. Oògùn ikọ́ pàápàá ti di ohun tí mo ń gba àṣẹ kí n tó mu, nítorí ṣúgà inú rẹ̀.

Ti ẹsẹ̀ wá ló burú jù. O mọ̀ pé nínú ìjọ wa, ẹni tó bá ti wọ sùtáná, aṣọ funfun wa, kì í wọ bàtà, ẹnikẹ́ni kì í sì í wọ bàtà wọnú ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi kan, a tò lọ gbàdúrà nílé ọmọ ìjọ kan lẹ́yìn ẹ́sítéètì VGC. Ọ̀dà títì gbóná, àwọn yòókù ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún, èmi ń yan lọ ní tèmi. Olùṣọ́ Ọdúnjọ tó ń darí ìjọ wa ní, “Ẹ wo ìgbàgbọ́ Màmá!” Inú mi dùn. Mo rò pé Ẹ̀mí ló gbé mi. Àṣé ẹsẹ̀ mi ló ti kú.

Lọ́jọ́ kejì, Mùínàt tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi pariwo: “Súbúhánálàhì! Màmá, ẹ̀jẹ̀ ta lèyí? Ẹ gbẹ́sẹ̀ sókè jàre!” Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti bó, n kò mọ nǹkan kan. Ó fi kẹ̀kẹ́ gbé mi lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì wẹ egbò náà, ó ní, “Mọ́mì, tí ẹ bá tún fẹsẹ̀ lásán rìn, inú ilé o, inú ṣọ́ọ̀ṣì o, wọ́n lè gé e.”

Egbò náà ti ń jiná, má jáyà. Mùínàt ń bá mi wo àtẹ́lẹsẹ̀ láràárọ̀ kó tó pàtẹ ọjà rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ bàtà náà fún Olùṣọ́, wọn kò bá mi jà. Wọ́n ní Ọlọ́run rí ọkàn, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Mo ní mo gbọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo wọ ànkárá, mo wọ bàtà tí o rà fún mi, mo jókòó síta lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà níbi tí àwọn àlejò máa ń jókòó. Gbogbo ìjọ ń gba iwájú mi wọlé. Ọmọ mi, èmi ni mo rán gbogbo sùtáná wọ̀nyẹn. Mo mọ èyí tí mo fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí ẹni tó ni ín sanra. Èmi nìkan ni n kò wọ funfun. Ó dùn mí, Tiwátọ́pẹ́. Ó dùn mí ju egbò lọ, nítorí egbò náà kò tilẹ̀ dùn mí rárá.

Jọ̀wọ́, lọ yẹ ṣúgà ara rẹ wò. O kò ní jogún àìsàn yìí. Ẹsẹ̀ rẹ yóò gbé ọ dé ibi ire, wàá sì mọ̀ ọ́n lára pé o ń rìn.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Adékẹ́mi.

Àfikún: Mo ti ká sùtáná mi sínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀. Kì í ṣe pé mo ń kú lọ o! Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ náà bá dé, òun ni kí ẹ wọ̀ fún mi. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí nọ́ọ̀sì tó máa ní kí n wọ bàtà.