Ìwé Ńlá Kì Í Sọ̀kalẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá, 2014

Obìnrin kan dé sí Yunifásítì Etí-Ọ̀sà wa lónìí — Dókítà Ọláṣùmbọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ní, ni kí gbogbo ọmọ lè ráyè nínú ọgbà: aláàbọ̀ ara, ọmọ apẹja, ẹlẹ́hàá, gbogbo wọn pátá. Ó mú téèpù aránṣọ dání, ó ń wọn ẹnu ọ̀nà kiri. Mo bi Habeeb tó ń ṣọ́ géètì pé ṣé bùbá ló fẹ́ rán fún ilẹ̀kùn ni. A rẹ́rìn-ín títí. Ìyá Téèpù ni mo sọ ọ́.

Ìṣẹ́gun, 4

Àwọn ọmọ tuntun ti ń wá fọwọ́ sí Ìwé Ńlá, ìwé ìforúkọsílẹ̀ wa. Ọdún kọkànlélógún rèé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ tí kò bá fọwọ́ ara rẹ̀ sí i níwájú mi, àyè rẹ̀ lọ nìyẹn. Bàbá Akínsànyà tó fi iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́ ti kìlọ̀ fún mi: "Adékẹ́mi, ìwé kì í sọ̀kalẹ̀. Ọmọ ló ń gòkè." Orúnkún ń dùn mí, lífùtì ti kú tipẹ́ — ṣùgbọ́n mi ò gbé e kúrò ní ọ́fíìsì mi ní àjà kẹta rí.

Ọjọ́rú, 5

Òjò. Omi kún àdúgbò Igbó Ẹfọ̀n. Ìyá Téèpù ti wọn ẹnu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́ tán.

Ẹtì, 7

Ojú ń tì mí láti kọ eléyìí.

Ọmọbìnrin kan wá láti Jakande, Bàṣírát lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀ka Ìtàn. Àga onítáyà ló ń lò, ọwọ́ ló fi ń yí i. Ó dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Èmi aláàánú! Mo ké sí Habeeb pé kó pọ̀n ọ́n wá. Ó pọ̀n ọ́n bí ọmọ ọwọ́. Híjáàbù ọmọ náà ń yọ̀, àwọn kan ń fi fóònù yà á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ní àjà kejì ló sọ̀rọ̀. Kò pariwo. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi padà." Ó yí àga rẹ̀ lọ sílé.

Ẹtì tó ń bọ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ Ẹ̀ka Ìtàn máa parí. Bí kò bá padà wá, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíì.

Ajé, 10

Ìyá Téèpù gòkè wá bá mi. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìjà. Kò bínú. Ó kàn ní, "Àǹtí Adékẹ́mi, ṣé ẹ bi ọmọ yẹn bó ṣe fẹ́ ẹ?"

Háà. Gbogbo ọdún tí mo ti ń bi ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ, lórúkọ bàbá, ní ìlú. Mi ò bi í. Mo jẹ́wọ́. Ó ní òun náà ti ṣe irú rẹ̀ rí, fún ìyá tó bí òun. Ó jókòó, ó gba omi mu. Kí n má purọ́, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ọjọ́rú, 12

Ìyá Téèpù ti kọ lẹ́tà méjì sí akọ̀wé àgbà wa — Ọ̀gá Òfin ni mo ń pè é níbí — pé kí ìwé sọ̀kalẹ̀ fún ọmọ yìí. Ọ̀gá Òfin fárígá. Lẹ́yìn iṣẹ́, èmi àti Ìyá Téèpù lọ sí Jakande. Mo kúnlẹ̀ fún ìyá Bàṣírát.

Ọmọ náà ló sọ̀rọ̀. Ó ní ìyá òun pọ̀n òun lọ sí pírámárì, wọ́n pọ̀n òun lọ sí sẹ́kọ́ńdírì, òun sì ti pé ọdún mọ́kàndínlógún. "Mo fẹ́ fúnra mi dé yunifásítì, mà." A ò tíì bí i nígbà tí mo gba kọ́kọ́rọ́!

Ìyá Téèpù bi í bóyá kóun wọn àga rẹ̀, kí tábìlì lè bá a mu. Ìgbà tó ní bẹ́ẹ̀ ni ló tó yọ téèpù. Mi ò ní fi obìnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ láé.

Ọjọ́bọ̀, 13

Oúnjẹ ò wọlé. Ó ku ọdún kan àbọ̀ kí n fẹ̀yìn tì.

Ẹtì, 14

Kílẹ̀ tó mọ́ tán, Ìyá Téèpù ti gbé tábìlì sídìí àtẹ̀gùn. Ó jókòó tì í. Kò ránṣẹ́ sí mi, kò bẹ̀ mí. Aago mẹ́wàá, Bàṣírát dé. Mo ń wò wọ́n lójú fèrèsé. Aago méjìlá. Aago méjì — wọ́n ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń pín ẹ̀pà jẹ. Aago mẹ́ta la máa ń tì.

Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìwé yẹn wúwo, Ọlọ́run mi! Mo ń dúró sinmi lórí gbogbo àtẹ̀gùn. Mo gbé e kalẹ̀, mo bi ọmọ náà pé, "Ṣé ibí yìí dáa?"

"Ẹ bá mi sún un sọ́tùn-ún díẹ̀, mà."

Mo sún un. Ó fọwọ́ sí i. Ìyá Téèpù bú sẹ́kún, èmi náà ò gbẹ́yìn.

Ajé, 17

Kúérì Ọ̀gá Òfin ń dúró dè mí lórí tábìlì. Ta ló pàṣẹ pé kí ìwé sọ̀kalẹ̀? Kí n kọ orúkọ ẹni náà. Ìyá Téèpù sáré gòkè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ: kí n kọ orúkọ òun, kí n sọ pé òun ló rán mi. Obìnrin yìí mà dáa o.

Mo kọ orúkọ tèmi. Mo gbé Ìwé Ńlá mọ́ àyà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ Ẹ̀ka Bàólójì la wà. Aboyún kan ti jókòó nísàlẹ̀, ó ń retí mi.